Ohun Tó Mú Ìyá Òkè Sọ̀kalẹ̀

Nígbà tí ojú ìyàwó mi ń ṣú lọ lókè lọ́jọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ibẹ̀ gbọ́ ọ, torí àwọn kan máa ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé ṣe ló kàn dákú. Irin gìrìwò kan tó gùn tó ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló wà lẹ́nu ìkọ́ kíréènì, àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá sì wà nítòsí ibi tó fẹ́ gbé e sí. Ó ní gbogbo nǹkan kọ́kọ́ di àwọ̀ eérú, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn tútù sì bo ọrùn rẹ̀. Ó rọra yí irin náà kúrò lọ́dọ̀ àwọn èèyàn, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó pa ẹ̀rọ, ó wá sọ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀ pé, "Fóòmàn, ẹ wá gbé mi. Mi ò lè dá sọ̀kalẹ̀." Ìgbà yẹn ló tó gbà fún ara rẹ̀ láti dákú.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò ju yàrá kan lọ: máṣíìnì méjì, tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, díńgí gígùn kan, àti fèrèsé tó kọjú sí títì. Ìyàwó mi ń wa kíréènì níbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá tuntun sórí odò. Àwọn mẹ́rin ló ń wà á níbẹ̀, òun nìkan ni obìnrin, òun náà ló sì mọwọ́ rẹ̀ jù. Ìyá Òkè ni wọ́n ń pè é, èmi sì ni ọkọ Ìyá Òkè. Àwọn oníbàárà mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ń bá àwọsánmọ̀ ṣeré, ọkọ ń bá bọ́tìnnì ṣeré. Èmi a ní ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá ga lọ́lá, kó má jowú, kó wá ibi ire jókòó sí kó máa wò ó. Nínú ilé, Abẹ́rẹ́ ló ń pè mí, nítorí iṣẹ́ mi àti nítorí pé mo tín-ín-rín. Kíláàsì kan náà la jọ jókòó sí nílé ìwé, kì í sì í bá mi lo "ẹ", àfi tí ìyá rẹ̀ bá wà nítòsí.

Bí mo ṣe sáré dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ti gún un níka. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́rìndínláàádọ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó lé ní àádọ́rin. Wọ́n fi ọ̀já wé e lápá, wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ti lọ sílẹ̀. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára. Kò pẹ́ tó fi lajú, ó wò mí, ó ní, "Ṣé irin yẹn jókòó dáadáa?"

Mo ní ó jókòó.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló wá bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ń dúró dè é lẹ́yìn wa.

"Ṣé ẹ jẹun láàárọ̀, mà?"

"Mo mu tíì, mo jẹ búrẹ́dì díẹ̀."

"Ṣé ẹ máa ń mu ọtí? Ṣé ẹ ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Rárá. Mi ò lo ìkankan."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ lóyún?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Àfi tí ọkọ mi bá mọ ohun tí mi ò mọ̀."

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò oyún náà pàápàá, kò sí oyún. Dókítà ní ó jọ pé oúnjẹ rẹ̀ ò tó, pé oòrùn orí òkè sì ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ó ní kó máa jẹun lásìkò, kó máa mu omi púpọ̀, kó má máa dìde wàìwàì. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. A mú un lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin.

Fóòmàn wá kí wa ní ọjọ́ kejì. Ọkùnrin kúkurú kan ni, ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi nítorí àwọn èèyàn mọ́kànlá yẹn, ojú rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń dúpẹ́. Ó wá ní òfin iṣẹ́ ni pé ẹni tó bá dákú lókè kò gbọ́dọ̀ gùn ún mọ́ títí dókítà yóò fi fọwọ́ sí i pé ohun tó fà á ti lọ. Ó ní kó máa bá àwọn jókòó sí ilé ìkóhun-èlò ná, kó máa pín àṣíborí àti ìbọ̀wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́.

"Ẹ ṣé, Fóòmàn," ni ìyàwó mi wí. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó wọ yàrá, ó sì kọjú sí ògiri.

Gbogbo ohun tí wọ́n ní ká ṣe la ṣe. Ìyá rẹ̀ kó ẹrù wá sọ́dọ̀ wa, ó sọ ilé ìdáná di tirẹ̀. Ẹyin láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, èso láàárín méjèèjì, omi lórí omi. Síbẹ̀, oúnjẹ kò wọlé. Ìyàwó mi á jẹ ṣíbí mẹ́ta, á ní inú ń rìn òun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dìde lórí àga níbi tó ti ń pín ìbọ̀wọ́, ó sì ṣubú lé àwọn àṣíborí lórí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ìgbàkigbà tí a bá gbé e dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ṣúgà ti lọ sílẹ̀, ìfúnpá ti lọ sílẹ̀. Wọn á fa omi sí i, á lajú, wọn á ní ká máa lọ. Ní ìgbà kẹrin, dókítà ọ̀dọ́ yẹn wò ó pẹ̀lú àánú, ó ní, "Mà, ó dà bíi pé ìrònú ti pọ̀ jù fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà dé ibi iṣẹ́ kí àwa tó délé. Awakọ̀ kíréènì kẹta, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Mẹ́ta, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Ó ní kì í ṣe àìsàn, ẹ̀rù òkè ló wọ obìnrin náà lára, pé ẹ̀rù òkè kì í sì í jáde lára ẹni mọ́. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ṣe ló sọ ọ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn wá jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Abẹ́rẹ́, ṣé ìwọ náà rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí?"

"Mi ò tíì rí ẹ̀rù tó ń fa ṣúgà sílẹ̀ rí," ni mo wí. "Ẹ̀rù ń bà mí ní gbogbo ìgbà, ṣúgà mi ò lọ síbì kan."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wá rò ó pé n ó ṣe ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní kó dìde, kí n wọn aṣọ iṣẹ́ tuntun fún un, pé ọjọ́ tó bá padà sókè, kò gbọ́dọ̀ wọ èyí tó ti ṣá. Ó ní kí n má fi aṣọ ṣòfò. Mo ní aṣọ tèmi ni.

Mo ta téèpù yí i lára. Ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo rò pé ojú ló ń tàn mí, mo tún un wọ̀n. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà ni. Mo lọ ṣí ìwé ìwọ̀n mi. Gbogbo ẹni tí mo bá ránṣọ fún ló ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó mi ló sì ní ojú ewé àkọ́kọ́. Ní ọdún kan àtààbọ̀ sẹ́yìn, mẹ́rìndínlógójì ni. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọwọ́ mi ló kọ wọ́n. Ọwọ́ mi kan náà ló ti fún ẹ̀wù rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì ń yìn ín pé ó ń padà di ọmọge. Ojú tì mí. Ẹni tó ń fi ìwọ̀n ara èèyàn jẹun, ara ìyàwó rẹ̀ ń yọ́ lọ bí àbẹ́là lójú rẹ̀, kò rí i.

"Kí ló dé tó o dákẹ́?" ni ó bi mí.

"Na ọwọ́ rẹ kí n wọn apá."

Ó na ọwọ́, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè lábẹ́ fèrèsé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tàn sí i. Àwọn ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú bí ẹni pé mo fi pẹ́ńsùlù fà wọ́n. Oríkèé ìka rẹ̀ náà dúdú. Mo ní gírísì ni, mo bu ọṣẹ, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, kò kúrò.

"Gírísì wo?" ni ìyàwó mi wí. "Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti fọwọ́ kan gírísì kẹ́yìn. Ìbọ̀wọ́ tuntun ni mò ń pín."

Mo wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí áyọ́ọ̀nù mi ti jó o lọ́dún tó kọjá. Àpá yẹn pọ́n díẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ nígbà tó kọ́kọ́ jinná. Ó ti dúdú ju ara rẹ̀ lọ báyìí. Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo rẹ̀ sójú ewé rẹ̀, ọjọ́ àti oṣù. Bí mo ti ń kọ ọ́, mo rántí ìgò iyọ̀. Ìgò iyọ̀ tó máa ń tó wa fún oṣù mẹ́ta kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́, mo sì ti rò pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wúwo.

"Ta ló ń jẹ iyọ̀ nílé wa?"

Ìyàwó mi wolẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. "Èmi ni. Mo máa ń dà á sọ́wọ́ lá. Tí mo bá ti lá a, ara mi á le díẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ."

Nígbà tí a délé, mo fi ọwọ́ rẹ̀ han ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ó tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń sọ pé ọmọ mi ń dúdú sí i? Ẹ ní ojú àgbà ló ń dà mí láàmú. Èmi ni mo bí i. Mo mọ àwọ̀ tí mo bí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo ki ìwé ìwọ̀n mi bọ abíyá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba ilé ìwòsàn lọ. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, a kò ní dúró dìgbà tó bá dákú. Mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó jẹ́ ká rí ẹni tó dàgbà jù nínú wọn. Ó ní Dókítà Àgbà ń gba èèyàn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n a ó dúró pẹ́. A dúró láti aago mẹ́jọ di aago méjìlá kọjá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi kò tíì mọ̀ bóyá àgbà wà lọ́jà tiwa.

Obìnrin ni Dókítà Àgbà, irun rẹ̀ funfun, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Kò kánjú. Ó ní kí ìyàwó mi dùbúlẹ̀, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní àádọ́rùn-ún lórí ọgọ́ta. Ó ní kó dìde dúró, ó dúró tì í, ó tún un wọ̀n. Nọ́ńbà òkè ti já sí márùndínláàádọ́rin, ìyàwó mi sì ti di tábìlì mú.

"Ṣé wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún yín báyìí rí, lórí ìdúró?"

"Rárá o, mà. Mo máa ń wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni."

Mo ṣí ìwé mi fún un. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà. Télọ̀ ni mí."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni ó wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo na ẹ̀yìn mi gún. Ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó mi wò, ó yẹ oríkèé ìka àti àpá áyọ́ọ̀nù wò, ó wá ní kó la ẹnu. Ó fi iná kékeré wo erìgì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́; àmì dúdú wà níbẹ̀ náà.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń rò ó fún yín," ni ó wí nígbà tó jókòó. "Ṣúgà lè lọ sílẹ̀ nítorí ebi, tàbí nítorí ọtí lórí ikùn òfìfo. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà lè lò ó jù. Ẹ̀dọ̀ lè máa ṣàìsàn. Ìfúnpá náà ní tirẹ̀: omi tó gbẹ lára, ẹ̀jẹ̀ tó dànù, oyún, ọkàn tí kò lágbára, oògùn kan, àkóràn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ojoojúmọ́ là ń rí wọn, ẹni tó sọ fún yín pé ẹ jẹun kò purọ́. Ṣùgbọ́n kí méjèèjì jọ máa lọ sílẹ̀, kí èèyàn máa rù, kó máa lá iyọ̀, kí ìlà ọwọ́ rẹ̀ tún dúdú? Ibì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn."

Ó ní lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, nǹkan kékeré kan jókòó síbẹ̀ bíi fìlà. Ó yíjú sí mi, ó ní èmi á mọ bí fìlà ṣe ń jókòó. Ó ní ohun tó ń sun láti inú fìlà méjèèjì yẹn ló ń di ṣúgà mú kó má ṣubú, òun ló ń di iyọ̀ mú sínú ara, òun ló sì ń gbé ìfúnpá ró. Tí wọ́n bá ti rọ, orí á máa ké sí wọn tọ̀sán-tòru pé kí wọ́n ṣiṣẹ́. Igbe tí orí ń ké yẹn ló ń sọ awọ ara di dúdú.

Ìyàwó mi bi í pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kì í ṣe ẹ̀rù?"

"Ẹ̀rù kì í kun erìgì," ni Dókítà Àgbà wí.

Mo rí i tí èjìká ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù oṣù mẹ́ta kúrò lórí rẹ̀.

Wọn ò jẹ́ ká padà sílé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan tó dà bí àṣẹ fún àwọn fìlà yẹn pé kí wọ́n jí, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n tún gbà á nígbà tó pé wákàtí kan. Dókítà Àgbà ní ara tó pé á dáhùn, èyí tó ń ṣàìsàn kò ní dáhùn. Kò dúró de èsì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí àwọn nọ́ọ̀sì fa omi iyọ̀ sí i, kí wọ́n sì fi ohun tí fìlà yẹn kò lè sun mọ́ sínú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọlé, mo bá ìyàwó mi lórí ìjókòó, àwo ìrẹsì òfìfo wà níwájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹyin méjì ló ti jẹ ṣáájú èyí," ni ìyá náà sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ohun kan gbọ́.

"Ṣé búrẹ́dì wà?" ni ìyàwó mi bi mí.

Mo sáré jáde lọ ra búrẹ́dì. Mo dé òpópónà kí n tó mọ̀ pé mò ń sunkún. Olóúnjẹ tí mo fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú o, ìyàwó mi ń jẹun ni.

Èsì dé ní ọjọ́ kejì sí i. Bí Dókítà Àgbà ti rò ó gan-an ló rí. Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ba àwọn fìlà yẹn jẹ́, kò sí i. Ìyá ìyàwó mi wá sún mọ́ dókítà, ó sì bi í léèrè ohun tí mo mọ̀ pé ó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Dókítà, ta ló ṣe é fún ọmọ mi?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe é, màmá. Gbogbo ara ló ní ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ọ. Tirẹ̀ ló ṣìnà, wọ́n lọ kọlu ará ilé wọn."

Ìyá náà rò ó wò. "A kúkú ní irú wọn nínú ẹbí," ni ó wí, àwọn nọ́ọ̀sì sì rẹ́rìn-ín títí.

Dókítà Àgbà pe dókítà ọ̀dọ́ ọjọ́sí wá, ó ní kó wá wo àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó wò ó pẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò wo ọwọ́ yín rárá."

"Mo rí i pé èèyàn pọ̀ fún ọ," ni ìyàwó mi dá a lóhùn. "Wò ó dáadáa báyìí, kó o lè dá a mọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan rọrùn láti ibẹ̀. Títí ayé ni yóò máa lo oògùn náà, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́, kò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan. Tí ibà bá mú un, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tó bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú, abẹ́rẹ́ kan wà tí ẹni tó bá wà nítòsí gbọ́dọ̀ gún un kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Èmi ni wọ́n kọ́. Ọsàn ni wọ́n fún mi pé kí n fi kọ́ ọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gún aṣọ lábẹ́rẹ́, ọwọ́ mi sì gbọ̀n bí ewé.

"Bàbá, ọsàn ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kò lè ké."

Mo gún ọsàn mẹ́fà kí ọwọ́ mi tó balẹ̀. Ìyàwó mi bó wọn jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ tí a ń kúrò níbẹ̀ ló bi dókítà bóyá ẹni tó ń lo oògùn títí ayé lè gun kíréènì. Dókítà Àgbà kò ṣèlérí. Ó ní ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ rìn, kí oṣù mẹ́fà kọjá láìsí ìṣubú, òun yóò wá kọ̀wé.

Oṣù mẹ́fà. Ó fi àlọ́ọ̀mù sórí fóònù fún oògùn. Ó ń kọ ìfúnpá rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀ sójú ewé rẹ̀ nínú ìwé mi. Ìlà ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá díẹ̀díẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ di ọgbọ̀n, ó di méjìlélọ́gbọ̀n, ó di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo sì ń tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ iṣẹ́ tuntun tí mo rán fún un síta, inú mi ń dùn sí gbogbo òwú tí mò ń já. Nínú oṣù kẹrin, ibà mú un. Ó sọ oògùn di méjì, ó sùn, ó jí, ibà lọ, kò ṣubú. Ìyá rẹ̀ ní báyìí òun lè máa lọ sílé òun. Lẹ́yìn oṣù kẹfà, Dókítà Àgbà kọ̀wé bó ṣe sọ, wọ́n sì gbé kíréènì kékeré orí ilẹ̀ fún un ní ibi iṣẹ́. Ó wa ìyẹn fún oṣù méjì láìsí àbùkù.

Ó ku òkè. Fóòmàn àti dókítà ilé iṣẹ́ ní yóò gùn ún lójú gbogbo wọn, tó bá sì débẹ̀, yóò wọn ṣúgà àti ìfúnpá rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹlòmíràn tẹ̀ lé e kó kà á. Dókítà ilé iṣẹ́ wo àkàbà náà, igba ìgbésẹ̀ ó lé méjìlá, ó ní òun ò gùn ún. Ọ̀gá Mẹ́ta ló ní òun á tẹ̀ lé e.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo lọ dúró láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ó wọ aṣọ tuntun náà. Ó gùn ún ní ìwọ̀n ara rẹ̀, kò sáré, kò dúró. Ọ̀gá Mẹ́ta ń bọ̀ lẹ́yìn, ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n wọlé sí yàrá kékeré orí kíréènì, gbogbo wa gbójú sókè. Ó pẹ́ díẹ̀ kí rédíò ọwọ́ Fóòmàn tó dún. Ohùn Ọ̀gá Mẹ́ta ni, ó ń mí hẹlẹ.

"Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ méjìdínlọ́gọ́fà lórí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ṣúgà rẹ̀, méjìléláàádọ́rùn-ún." Ó mí kanlẹ̀. "Fóòmàn, tèmi ló yẹ kí wọ́n wá wọ̀n."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Rédíò tún dún. "Ẹ gbọ́, gbogbo yín tẹ́ ẹ wà nílẹ̀. Èmi ni mo sọ pé ẹ̀rù ni. Kì í ṣe ẹ̀rù. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà."

Bó ti wù kó pẹ́ tó, akólòlò á pe baba. Fóòmàn bọ́ àṣíborí rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọkọ Ìyá Òkè, ẹ bá mi sọ fún un pé irin àárín yẹn ń dúró dè é." Mo ní kó fún mi ní rédíò kí n sọ ọ́ fúnra mi. Ó fún mi. Ohun tí mo rí sọ kò ju, "Ìyàwó mi, o káre," gbogbo òṣìṣẹ́ sì gbọ́ ọ.

Irin àárín ni èyí tó gbẹ̀yìn, òun ni yóò so apá kan odò mọ́ èkejì. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n fi í lé e lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú agboòrùn, ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì bí ẹni tó wá gba oyè. Irin náà gòkè, ó yí, ó dúró lórí àlàfo. Àwọn méjì wà lápá ọ̀tún, àwọn méjì wà lápá òsì, wọ́n na ọwọ́ sí i. Fóòmàn ń sọ ọ́ sínú rédíò: ó ku ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó ku ọ̀kan, ó ku ìbú ọwọ́, ó ku ìka kan, dúró, ìdajì ìka. Irin wọ inú irin, kò tilẹ̀ dún tó ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra tì.

"Ó ti wọlé," ni Fóòmàn wí. Ohùn rẹ̀ tó máa ń ga kò ga rárá.

Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù lu irin láti apá ọ̀tún dé apá òsì, títí ariwo náà fi bo odò. Ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ igba ó lé méjìlá, ó kí gbogbo èèyàn, ó wo aago, ó lo oògùn ọ̀sán rẹ̀ pẹ̀lú omi, ó ní ebi ń pa òun.

Lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n ti tẹ́ ojú ọ̀nà sórí afárá náà, wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹbí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín kí mọ́tò tó gbà á. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, odò ń dán nísàlẹ̀. Ìyàwó mi ń ka irin tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé síbẹ̀ fún mi, èyí nìyí, èyí nìyẹn, ó sì ń yára rìn sí i bó ṣe ń kà á. Nígbà tó fi kọjá àárín, ó ti fi mí sílẹ̀ tó ogún ìgbésẹ̀. Mo pè é pé kó dúró dè mí. Kò dúró.